Ìkíni Tí Mo Gbé Mì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, mo ti dé. Láti ìjẹta ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe mí tí mo fi ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, títí kan ẹni tó ń gbẹ́ kòtò àti ẹni tó kàn jókòó síta ilé rẹ̀. Ẹ ní ṣé ara mi yá. Ara mi yá. Ọ̀yọ́ ni mo lọ, mo sì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ fún yín fúnra mi, kí ẹ má baà gba èyí tí Sàámú awakọ̀ wa ń sọ kiri, nítorí tirẹ̀ ti ní iyọ̀ jù.

Ẹ mọ òòfà, irin tí ń fa irin. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí náà ní òòfà tirẹ̀, òun ló ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì máa kọjú sí àríwá. Agbára rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, á máa yí padà díẹ̀díẹ̀, bí oòrùn bá sì ń wọ̀, á padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀gá mi, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ń jẹ́ Mísítà Pẹ́kì, ni wọ́n rán láti wọn ìyípadà yìí, ọjọ́ márùn-ún ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ márùn-ún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, tó rọ̀ sórí fọ́nrán kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ọ̀gá á fi aṣọ dúdú bo orí, á tẹ̀ ba, á fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á sì máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé.

Irin ni ọ̀tá ẹ̀rọ náà. Bí irin bá súnmọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á fò, nọ́ńbà á sì bàjẹ́. Ariwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pe irú ìdàrú bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí etí tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọ̀gá kò fi wọ bàtà, nítorí ìṣó inú rẹ̀. A kò mú kọ́kọ́rọ́ dání, okùn ni a sì fi so ṣòkòtò wa dípò bẹ́líìtì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, kí n sì rí i pé irin kankan kò kọjá àwọn igi tí a gún yí i ká ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni mí nígbà náà. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, tí gbogbo yín mọ̀, ti búra pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní péńṣàn. Ọ̀gá sì ti ṣèlérí fún mi pé bí nọ́ńbà wa bá mọ́, òun yóò kọ̀wé sí Èkó kí wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Tọ̀sán-tòru ni mo ń ronú ìwé yẹn.

Ọ̀yọ́

Oòrùn ti wà ní àtàrí nígbà tí ọkọ̀ wa wọ Ọ̀yọ́. Ọ̀gá fẹ́ kọ́kọ́ wo pápá, nítorí náà a ti bọ́ bàtà kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ aṣọ wọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ lásán á dé fìlà kó tó jáde. Àárín wọn ni òyìnbó kan àti Ìjẹ̀bú kan ń gbà kọjá láìwọ bàtà, tí okùn sì so ṣòkòtò wọn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀yọ́ kì í fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Wọ́n dúró títí a fi wọlé.

Ilé Bàbá Àlàó, oníṣọ̀nà awọ kan, ni a wọ̀ sí. Ó bá wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú eruku. Ẹ kú ìjókòó inú ọkọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí ìyókù. Èmi rò pé ẹyọ kan tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, a sì jẹ títí a kò lè mí dáadáa. Nígbà tó yá, ọkàn mi ń fà sí gàrí. Mo yọ ìwọ̀nba tí mo dì sápò, mo bu omi tútù sí i. Ìyá náà rí mi. Ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ pé àlejò kò yó. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n ti tún ń gún iyán mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko. Ọ̀gá kò tíì kọ nọ́ńbà mẹ́ta tí àgbẹ̀ kan fi yọ, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó mú àdá lọ́wọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá láìkí i. Ọkùnrin yìí yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọjá igi wa, ó lọ dúró ti ọ̀gá gan-an.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀gá kò gbé orí. Ọkùnrin náà rò pé kò gbọ́, ó tún súnmọ́ ọn.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀ o."

Abẹ́rẹ́ fò débi pé ọ̀gá fi orí gbá ẹ̀rọ. Mo sin àgbẹ̀ náà padà sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn méjì mìíràn ti ń kí ọ̀gá láti apá kejì. Bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, inú bí mi. Mo rí bàbá arúgbó kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀, mo sì ké láti òkèèrè pé, "Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má wá síbí!"

Bàbá dúró. "Kí ni mo ṣe?"

"Irin ọwọ́ yín ni."

"O ò kí mi, ọmọ mi. Irin ni o kí."

Ó yí padà lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àlàó ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì títí eruku fi wọ̀ mí nímú. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n tún fún mi ní iyán. Bàbá Àlàó wá pè mí sápá kan.

"Bánkọ́lé, bí a bá rí nǹkan tó dúró sínú pápá, kíkí ni a fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí òkúta. Bí wọ́n bá kí ọ tí o kò jẹ́, òkúta ni o pe ara rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Ọ̀yọ́ ti bàjẹ́ tán. Ọ̀gá pa ìwé rẹ̀ dé ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní bí Ògbómọ̀ṣọ́ bá rí báyìí, kò sí nǹkan kan tí òun yóò rí kọ sí Èkó nípa mi.

Ògbómọ̀ṣọ́

Aládùúrà ni Sàámú awakọ̀ wa, ó sì ti sọ fún wa pé a óò rí àwọn ará ìjọ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. A rí wọn kí a tó rí ibi tí a óò wọ̀ sí. Àwọn obìnrin oníṣòwò bíi mẹ́fà ń ti ìsìn bọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí òyìnbó tó wọ ẹ̀wù funfun, tí kò wọ bàtà, tí okùn sì wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ lójú kan náà. Ọ̀kan gbé ìgò omi síwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n dìde. Gbogbo wọn ṣe "Àmín."

Sàámú ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe wòlíì, ilẹ̀ ló wá wọ̀n. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin onígò omi náà padà wá lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́ pé ẹ̀yìn òun ti fúyẹ́.

Ẹnu àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yá ju ti Ọ̀yọ́ lọ. Àkókò máńgòrò ni a dé, kò sì sí ilé tí a yà sí tí wọn kò fi máńgòrò lé wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó bi wá ní orúkọ. Wọ́n din wàrà fún wa pẹ̀lú ata, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé ẹran ni. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èdè ẹnu mi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

"Ìjẹ̀bú, ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń dúró ti gàrí títí tó fi wú ju ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ?"

Mo ní òótọ́ ni, àti pé òun ló jẹ́ ká ní sùúrù. Ní tòdodo, mo fẹ́ràn wọn.

Abẹ́ máńgòrò

Ọ̀nà oko tó lọ sí apá Ìkòyí-Ilé ni a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti gbọ́n. A kò lè dá kíkí dúró, ṣùgbọ́n a lè gbà á lọ́nà. Mo ní kí n tẹ́ ẹní síbi tí igi wa wà, ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀, kí n fi àmù omi síbẹ̀, kí n sì máa gba kíkí fún ọ̀gá. Ọ̀gá fẹ́ràn ète náà. Ibi tó ti wọ́ ni pé kò sí ibòji ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Igi máńgòrò kan wà ní bíi ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀gá ti wọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀ tó kẹ́yìn sí mi, mo ká ẹní mi, mo sì gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Làmídì, Mùsùlùmí àgbà kan tí ọ̀nà oko náà kọjá níwájú ilé rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìyálẹ̀ta, sà. Ọ̀gá kò lè gbé orí. Èmi ni wọ́n fi síbí láti máa gba kíkí."

Inú Bàbá Làmídì dùn. "Ìyẹn dára. Bá mi kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, wọ́n kú ìdúró. Ṣé àlàáfíà ni ìyá wọn wà nílé lọ́hùn-ún?"

Ó yẹ kí n dìde lọ jíṣẹ́. Àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ da ọ̀gá láàmú fún ìkíni kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò kọ nọ́ńbà? Mo kọjú sí ọ̀gá, mo mi ètè díẹ̀, mo tún kọjú sí bàbá.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ ló ń dun ìyá wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń san."

Nínú ọjọ́ mẹ́rin, mo gba ìkíni tí n kò mọ iye rẹ̀, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àwọn èsì tí mo ń fún wọn sì ń dùn sí i. Òyìnbó ní ẹ kú oko. Òyìnbó ní ṣé ọmọ ti gbádùn. Òkìkí ọ̀gá kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé òyìnbó kan wà tó mọ ìwà. Àwọn tí kò ní oko lápá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á kọjá. Wọ́n á jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n á kó ọkọ́ àti àdá wọn jọ síbẹ̀, wọ́n á mu omi.

Lálaalẹ́, ọ̀gá á wo ìwé rẹ̀, á máa fọwọ́ pa iwájú orí.

"Abẹ́rẹ́ tún fò. Ta ló súnmọ́ wa?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní bóyá irin wà nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìwé tó máa kọ sí Èkó ni mo ń rò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, Sàámú mú ọ̀gá lọ jẹ túwó ní Sábó. Bàbá Làmídì ń ti ìkíni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀, ó rí wọn, ó sì ní kí Sàámú bá òun bi í bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe wà. Aládùúrà kì í purọ́. Sàámú túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀gá ní ìyá òun ti kú láti ìgbà tí òun wà nílé ìwé. Bàbá Làmídì ṣí fìlà, ó kí i kú ìdárò. Lẹ́yìn náà ó béèrè nípa ìkíni òun ti ọjọ́ Àtàláátà, ti Àlárùba, ti Àlàmísì. Ọ̀gá ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápá, kò sí ìkíni kan tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó rò pé bàbá fi òun pe òyìnbó míṣọ́n kan ni, ó sì ń jẹ túwó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yé Bàbá Làmídì.

Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ dúró

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tẹ́ ẹní mi, mo pọn omi. Àgbẹ̀ àkọ́kọ́ yọ lókèèrè. Ó rí mi, ó gba inú igbó lọ. Ẹni kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí ẹni tó kí mi. Wọn kò bú mi, wọn kò fi ojú burúkú wò mí. Wọ́n kàn kọjá bí ẹni pé òkúta ni mí.

Ọ̀gá yọ orí lábẹ́ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kò fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí ọjọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè gbé ẹ̀rọ. Mo ti rò pé ọjọ́ tí nọ́ńbà bá mọ́ ni inú mi yóò dùn jù láyé mi.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù. Ọjọ́ kan péré kò tó. Ọjọ́ mẹ́rin ìṣáájú kún fún ìfòkufò, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti irin. Lọ́jọ́ Ajé a óò padà sí Èkó, òun kò sì lè kọ ìwé tí òun ṣèlérí fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ náà ni Sàámú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sábó fún mi, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Làmídì kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹnu rẹ ni mo rán, Ìjẹ̀bú. N kò rán ikùn rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo jẹ̀bi."

"Kíkí kì í jẹrà. Mú òyìnbó rẹ wá lọ́la, kí o jíṣẹ́ gbogbo wa."

Àgbàlá Bàbá Làmídì

Kí n má purọ́, ó rọrùn fún mi láti dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Làmídì ju kí n sọ òtítọ́ fún ọ̀gá lọ. Mo sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá òun nípa irin inú àpáta. Ó mú ìwé rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Àgbàlá kún. Bàbá Làmídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi sì ń túmọ̀.

"Mo kí i ní ọjọ́ Àtàláátà ní ìyálẹ̀ta, kété tí kùrukùru bo oòrùn. Ọkọ́ méjì ni mo gbé dání."

Ọ̀gá kò fẹ́ wo ìwé. Ó wò ó nítorí ọ̀wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ojú ewé. Nọ́ńbà ìyálẹ̀ta ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti fò, ó sì ti kọ "kùrukùru" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ta ló kàn?" ni ó wí.

Ẹni tó kí ènìyàn tí kò rí èsì gbà kì í gbàgbé. Bí wọ́n sì ti ń kí ènìyàn ni wọ́n ti ń sọ àsìkò: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìyálẹ̀ta, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú oòrùn, ẹ kú atẹ́gùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ wákàtí tirẹ̀ àti irin tó gbé. Ọ̀gá ń da ìbéèrè bò wọ́n. Ọkọ́ ni àbí àdá? Ṣé o jókòó àbí o kọjá? Bó bá rí i nínú ìwé, á fa igi lé nọ́ńbà náà, á tẹ orí ba, á sì fi Yorùbá tí mo kọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ dáhùn: "Ẹ ṣé o." Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Nọ́ńbà tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ó ń gòkè pẹ̀lú oòrùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bíi ti ọjọ́ Àbámẹ́ta gan-an. Ó ti gbàgbé pé òun ń bínú sí mi.

Nígbà kan ó dúró, ó ní kí n sọ fún Bàbá Làmídì pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìyá òun. Mo túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá Àṣàbí ló kẹ́yìn, ìyá arúgbó kan tó ń ta irú. Ó ní òun kí i ní ọ̀sán gangan ọjọ́rú, òun ru igbá irú, òun kò wọ bàtà. Ọ̀gá wo ìwé. Ó tún un wò.

"Kò sí nǹkan kan níbí. Abẹ́rẹ́ kò mì."

Mo fẹ́ yí i padà bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe wí.

Ìyá Àṣàbí ní, "Ìyẹn ni pé tèmi nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

 Ọ̀gá ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ sókè àti sísàlẹ̀. Ó gbé orí. Ó ní ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́rú, ìgbà tí ìyá yìí dúró síbẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ rí àyè sọ òtítọ́, nítorí kò mú irin kankan wá. Nọ́ńbà ìgbà yẹn ni òun yóò fi mọ ìyókù. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà.

Ìyá Àṣàbí nawọ́ sí ìwé. "Sọ fún un kó kọ ọ́ dáadáa. Àṣàbí ni mí. Orogún mi ló ń jẹ́ Àṣàkẹ́."

Lẹ́tà

Lẹ́tà dé láti Èkó lánàá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí. Wọ́n ti sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, pẹ̀lú péńṣàn, bàbá àfẹ́sọ́nà mi sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tí èrú wà.

Ìbéèrè kan péré ni àwọn ọ̀gá àgbà fi sísàlẹ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo nọ́ńbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, èyí tí a kọ Ìyá Àṣàbí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló mọ́ jù. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, àti bóyá a lè rí méjì sí i.